Mìlímítà Kan Péré

Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òwe yìí kí n tó mọ ohun tí ó ń wí. Ní ojú èmi ọmọ ilé ìwé, irin kò yàtọ̀ sí iyọ̀: ẹni tí ó bá nílò rẹ̀ a lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù, ó parí. N kò bi ara mi léèrè rí pé ta ni ó fà á gùn, ta ni ó sọ ọ́ di róbótó, tàbí ta ni ó pàṣẹ pé ibi báyìí ni kí ìtóbi rẹ̀ mọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi láyè kí n ròyìn iṣẹ́ tí mo ṣe fún oṣù mẹ́fà, nítorí pé ohun tí mo rí níbẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tí ń sùn lábẹ́ òrùlé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Ọdún kìíní ni mo wà nígbà náà nínú ẹ̀kọ́ nípa àwọn èdè. Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, mo jókòó ti ìyá mi nílé, mo ń ka ìwé, mo ń jẹun. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, ìyá mi wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ìwé dára, ṣùgbọ́n ìwé kì í ra gàrí.” N kò nílò àlàyé mọ́. Àbúrò ìyá mi tí ń gbé Ìkòròdú mọ ẹnì kan ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irin ìkọ́lé, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní rọ́ọ̀dù. Ẹ mọ̀ pé irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ìkòròdú àti ní Ògìjò. Báyìí ni mo ṣe di ọmọ ẹ̀yìn fún àwọn tí ń to ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí irin náà ti ń rìn. Gbogbo wa ni a mọ àwọn ọmọkùnrin tí ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri àdúgbò, tí ń ra kọ̀ndẹ́mù: férémù bẹ́ẹ̀dì tí ó ti kán, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ó ti kú, ìlẹ̀kùn tí ó ti dípẹtà. Inú ìléru ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí. Omi tí a gbé kaná a máa hó bí ó bá dé ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin ní tirẹ̀ kì í yọ́ títí yóò fi dé nǹkan bí 1,500. Bí ó bá ti yọ́, wọn a dà á sínú àpótí gígùn, a sì di ọ̀pá onígun mẹ́rin tí à ń pè ní bílẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pá yìí ni wọ́n tún ń gbóná ní ìwọ̀n 1,100 sí 1,200, kí ó lè rọ̀ láìyọ́, kí wọ́n tó tì í sí ẹnu àwọn rólà.

Rólà jẹ́ irin ńláńlá méjì tí ọ̀kan dùbúlẹ̀ lórí èkejì, tí wọ́n sì ń yí bí ẹ̀rọ tí a fi ń fún ìrèké. A ti gbẹ́ ojú ọ̀nà sí wọn lára, láàárín ojú ọ̀nà yìí ni irin ń gbà kọjá. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ó yà mí lẹ́nu. Bí a bá ń tẹ irin láti òkè nìkan, pẹlẹbẹ ni yóò máa di. Nítorí náà ojú ọ̀nà kan a tẹ̀ ẹ́ kí ó dàbí ẹyin, wọn a wá yí ẹyin náà sí ẹ̀gbẹ́, ojú ọ̀nà tí ó tẹ̀lé e a tún tẹ̀ ẹ́ kí ó di róbótó. Ẹyin, róbótó, ẹyin, róbótó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tẹ́ẹ́rẹ́ sí i tí yóò sì máa gùn sí i. Ohun tí ó wọlé ní ìtóbi itan ènìyàn yóò jáde ní ìtóbi ìka ọwọ́, wọn a sì gé e ní mítà 12 mítà 12.

Iṣẹ́ tiwa ni láti to àwọn rólà wọ̀nyí. Bí wọ́n bá ti ń ṣe irin 16 tí ọjà wá ń béèrè 12, gbogbo nǹkan a dúró. Ọ̀gá wa a pa iná, a fi àgádágodo ti ojú iná náà, a sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò ara rẹ̀. Kírénì a gbé rólà àtijọ́ kúrò, èmi a nu ìjókòó rẹ̀, a ó gbé tuntun sí i. A ó wò ó kí ojú ọ̀nà ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ pàdé gẹ́gẹ́, nítorí bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ yẹ̀ lórí èkejì, irin yóò yọ etí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. A ó to amọ̀nà, èyíinì ni ihò tí ń darí irin sí ẹnu rólà. A ó yẹ omi tí ń tu rólà lára wò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni a ó wá ti irin kan kọjá fún ìdánwò, a ó wọ̀n ọ́n, a ó tún un tò.

Ọ̀gá wa yìí jẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ó súnmọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún. “Bàbá” ni gbogbo wa ń pè é, òun a sì máa pè mí ní “Akọ̀wé.” Ní ọ̀sẹ̀ kìíní mi, ó gbé vernier, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìtóbi, lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wọn irin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Mo wọ̀n ọ́n, mo ní, “Bàbá, 12 lé díẹ̀ ni, ó ti tóbi jù.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Akọ̀wé, irin gbígbóná kì í sọ òtítọ́. Jẹ́ kí ó tutù, kí o tó bi í léèrè.” Òtítọ́ ni: bí ooru ti ń mú irin wú ni òtútù ń mú un sún kì. Èyí tí yóò jẹ́ 12 géérégé nígbà tí ó bá tutù, nǹkan bí 12.15 ni yóò jẹ́ nígbà tí ó bá wà ní ìwọ̀n 1,000. Bàbá kò mú ìwé ìṣirò lọ́wọ́. Ojú ni ó fi ń wo àwọ̀ irin. Bí ó bá pọ́n bí ọsàn tí ó pọ́n, ó mọ iye tí yóò yọ kúrò. Bí ó bá ti ń ṣú bí ẹ̀jẹ̀, ó mọ̀ pé ó ti tutù jù, kò sì ní gbà kí wọ́n tì í wọlé.

Èmi tí mo lọ síbẹ̀ nítorí owó, èdè ni mo tún bá pàdé. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó dúró tì ọ́ yóò máa pariwo kí o tó gbọ́. Ní ọjọ́ kejì mi, mo gbọ́ tí Bàbá kọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ sọ “fún un” nídìí rólà. Bí a bá fẹ́ kí àlàfo àárín rólà kéré, “há a” ni kí a wí. Bí a bá fẹ́ kí ó fẹ̀, “dẹ̀ ẹ́” ni. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, ní ibòmíràn tí òun ti ṣiṣẹ́, ẹnì kan wí pé “fún un,” ẹni tí ó wà ní òdì kejì gbọ́ “sún un,” ó sì sún rólà sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìka méjì ni ọkùnrin náà fi lọ.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ nípa ìró ohùn. “Fún un” àti “sún un,” ohùn wọn dọ́gba, fáwẹ̀lì wọn dọ́gba. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n, kọ́ńsónáǹtì méjèèjì sì jẹ́ irú èyí tí ó dàbí afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láàárín eyín. Nínú ariwo ẹ̀rọ, àwọn wọ̀nyí ni ó kọ́kọ́ ń sọnù. Ṣùgbọ́n “há a” bẹ̀rẹ̀ lókè ó wálẹ̀, “dẹ̀ ẹ́” bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ ó gòkè. Fáwẹ̀lì wọn kò sì jọra. Ẹni tí kò gbọ́ kọ́ńsónáǹtì rárá yóò ṣì mọ èyí tí a wí. Àní nígbà tí ariwo bá pọ̀ jù, Bàbá a máa fi sípánà lu irin gẹ́gẹ́ bí ẹni ń lu dùndún, àwa a sì mọ ohun tí ó wí. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìró ohùn. Ìka ọwọ́ ènìyàn ni ó fi ṣe ìwé.

Nígbà kan náà ni mo rí kọ́bù. Bí irin bá ṣi amọ̀nà tí kò wọ ẹnu rólà, èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní dúró. Yóò máa ti èyí tí ó wà níwájú, irin pupa yóò sì fò sókè, yóò máa ká ara rẹ̀ bí ejò tí ẹnì kan tẹ̀ nírù. Ẹni tí ó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo wò ó tí ó fò kọjá ibi tí a máa ń dúró sí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí pé Bàbá ti fi ọ̀dà pupa fa ilà sílẹ̀ tipẹ́, a kò sì gbọdọ̀ kọjá ilà yẹn nígbà tí irin bá ń rìn. Lẹ́yìn èyí ni mo mọ̀ pé títo ẹ̀rọ kì í ṣe ti irin nìkan. A tún ń to ibi tí ènìyàn yóò dúró.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ní oṣù kẹjọ, oníbàárà kan wá sí ọ́fíìsì. Ó fẹ́ ra ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù irin 12, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 11. Wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ọ́fíìsì sí wa. Ó kí Bàbá dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, wọ́n ní kí ẹ bá wọn há a díẹ̀.”

Bàbá ní, “Kí ni à ń pè ní díẹ̀?”

“Mìlímítà kan péré ni, Bàbá.”

Ẹ rántí pé lára rólà tí ó kẹ́yìn ni a gbẹ́ àmì ilé iṣẹ́ àti ìtóbi irin sí. Gbogbo irin tí ó bá kọjá níbẹ̀ ni yóò jẹ́ orúkọ náà, ì báà tọ́ sí i, ì báà má tọ́ sí i. Bàbá na ìka sí rólà, ó ní, “Bí mo bá há a, ṣé ẹ ó bá mi pa 12 tí ó wà lára èyí rẹ́?”

“Rárá o, Bàbá.”

“Ó dára. Ẹ lọ kọ ọ́ sí ìwé pé kí n há a, kí ẹni tí ó rán ọ fọwọ́ sí i. Bí mo bá ti rí ìwé náà, a jẹ́ pé mo mọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ, kò padà wá. Kò sí ẹni tí ó kọ ìwé kankan.

Ní àkókò oúnjẹ, Bàbá ní, “Akọ̀wé, mú kálámù, kí o ṣírò fún àwọn èèyàn wọ̀nyí.” Mo ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Agbára irin wà nínú ìnípọn ojú rẹ̀, kì í ṣe nínú ìbú nìkan. Nítorí náà 12 lọ́nà 12 ni a ó fi wé 11 lọ́nà 11. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 144, ti èkejì jẹ́ 121. Mìlímítà kan péré, irin náà ti pàdánù 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí bíríkìlà bá to irin mẹ́fà sínú òpó kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé márùn-ún ni ó wà níbẹ̀. Ìkẹfà jẹ́ orúkọ lásán.

Mo tún ṣírò èrè. Irin 12 tí ó gùn ní mítà 12 wúwo tó kílò 10.66, èyí tí ó jẹ́ 11 kò ju kílò 8.95 lọ. Nínú tọ́ọ̀nù kan, a ó rí irin 93 nínú ti òtítọ́, ṣùgbọ́n a ó rí 111 nínú ti irọ́. Oníbàárà náà fi tọ́ọ̀nù rà, yóò sì fi ẹyọ tà. Lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ó ti rí irin méjìdínlógún tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Ẹ fi ọgbọ̀n sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wo iye ilé tí ó ń lọ.

Bí mo bá ní gbogbo ènìyàn yin Bàbá lọ́jọ́ náà, irọ́ ni mo pa. Ẹ̀gbọ́n tí ń wa kírénì bínú. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣe é, ẹlòmíràn yóò ṣe é. Ilé tí yóò wó, yóò wó náà. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi ni ẹ kọ̀ yẹn.” Òtítọ́ ni òun náà sọ. Ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù jẹ́ àfikún owó iṣẹ́ òru fún gbogbo wa. Oníbàárà náà gba ibòmíràn lọ, àwa sì jókòó láìsí iṣẹ́ fún ọjọ́ méjì ní ọ̀sẹ̀ náà. Èmi náà ti fojú sọ́nà fún owó yẹn; bàtà kan wà tí mo fẹ́ fi rà, mo sì ti ṣèlérí ẹgbẹ̀rún díẹ̀ fún ìyá mi.

Bàbá kò bá a jiyàn. Ó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, ó fọ ọwọ́, ó ní, “Ìwọ wà níbí, èmi wà níbí, oníbàárà náà wá síbí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dúnàádúrà. Ẹni tí yóò sùn lábẹ́ rẹ̀ nìkan ni kò sí níbí.” Ó dìde, ó padà sídìí ẹ̀rọ. N kò tíì gbọ́ ìdáhùn tí ó borí ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ pé ó san owó ilé ìwé àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lọ́kàn mi títí di òní, ọ̀kan kò lé èkejì jáde.

Gbogbo wa ni a rántí ilé alájà 21 tí ó wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní ogójì. N kò wí pé irin ni ó fà á. Kì í ṣe iṣẹ́ mi láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé kì í ka ohun tí a kọ sára irin. Ìwúwo ni ilé mọ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, a máa ń jókòó yí tábìlì ká láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn ohun ìgbàlódé. Iṣẹ́ dáradára ni, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń wá wọn níbẹ̀, àwọn kan ti ń lò wọ́n nínú òógùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irin kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1904 ni òyìnbó kan tí ń jẹ́ Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa ilé tí àwọn baba wa ti ń yọ́ irin ní abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́. Ẹwìrì, ẹmú, ọmọ-owú, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀dẹ ni wọ́n, kò sì sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ṣẹ̀dá wọn. Nígbà tí Bàbá fẹ́ ìdìmú gígùn tí a fi ń fa irin gbígbóná, “ẹmú” ni ó ń pè é, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó yí padà láàárín ìgbà náà àti ìsinsìnyí. Ìmọ̀ràn mi fún ẹgbẹ́ wa ni pé kí a máa rán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti kálámù, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ ìka ọwọ́ ara wọn.

Ní oṣù kẹwàá tí wọ́n pè wá padà sí ilé ìwé, mo dágbére fún Bàbá. Ó súre fún mi, ó ní kí n kàwé dáadáa, kí n má sì gbàgbé láti máa jẹ́ kí nǹkan tutù kí n tó bi í léèrè. Ẹ̀gbọ́n oníkírénì fún mi ní ẹgbẹ̀rún kan náírà fún ọkọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, lọ́jọ́ kan, ọ̀pọ̀ nínú yín yóò kọ́lé, tàbí kí ẹ bá òbí yín dúró ti bíríkìlà. Nígbà tí ẹ bá lọ ra irin 12, ẹ má ṣe wo ohun tí a kọ sí i lára nìkan. Ẹ bẹ oníṣọ́ọ̀bù kí ó gbé ẹyọ kan tí ó pé mítà 12 sórí òṣùwọ̀n. Bí kò bá súnmọ́ kílò mẹ́wàá àti ààbọ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún un.